Òfin Ni Kò Jẹ́ Kí N Kìlọ̀ Fún Ìyàwó Àbúrò Mi

Gbogbo ìtàn tí mo ti ń kà ní abala yìí, ẹni tí wọ́n ṣe níkà ló máa ń sọ ọ́. Ọkọ já a sílẹ̀, ọ̀rẹ́ gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹbí ta ilé rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A ó bá a káàánú, a ó ṣépè fún ẹni tó ṣe é, a ó sì ṣí ojú ewé tó kàn. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti bá mi káàánú lónìí. Èmi ni ẹni tí ẹ máa ń ṣépè fún.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ènìyàn dókòwò. Iṣẹ́ wa ni láti yẹ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wò fínnífínní, ká wo èrè wọn, ká wo gbèsè wọn, ká wo irọ́ wọn, ká wá kọ àbọ̀ ìwádìí tó máa sọ fún àwọn oníbàárà wa bóyá kí wọ́n ra ìpín ilé-iṣẹ́ náà tàbí kí wọ́n tà á.

Mo mọ iṣẹ́ náà. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n. Bí àwọn kan bá fi irọ́ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, sáàárín àwọn lẹ́tà kéékèèké tí ojú ò fẹ́ẹ́ rí, èmi ni màá fà á jáde. Ìyàwó àbúrò mi ló sọ mí ní Àǹtí Ìdí-Abájọ, nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ lójú mi tí mi ò ní bi í ní ìdí abájọ. Kódà bí ọmọ ọwọ́ bá ń sunkún, màá fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Èmi ni mo mú ìyàwó àbúrò mi yìí wọ ilé-iṣẹ́ wa. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó, bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bó bá ń purọ́. Ìyàwó ni gbogbo ẹbí ń pè é, Ìyàwó náà lèmi yóò máa pè é níbí.

Yàrá kárà-kátà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ògiri gíláàsì ló là wá láàárín. Àwa ń kọ̀wé, àwọn ń ra ìpín, wọ́n ń tà á. A máa ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń la ẹnu gbàgà, tí wọ́n ń ju ọwọ́, tí wọ́n ń fò sókè bí ọjà bá gbè wọ́n. Bí ọdún bá parí, wọ́n á fún wọn ní àjẹmọ́nú tó lè kọ́lé. Wọ́n á fún àwa ní kàlẹ́ńdà.

Ọ̀gá wọn ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Kíá, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Lọ́dún kan, Kíá fi ohun tó kà nínú àbọ̀ ìwádìí mi ra ọkọ̀ tuntun. Ó pè mí síta kí n wá wò ó.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ nìyí o!" ló wí, ó ń fi ọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára.

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo bá a yọ̀. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún níbẹ̀ títí ojú mi fi wú.

Bí mo ṣe kọ̀wé nìyẹn pé mo fẹ́ kúrò ní yàrá ìwádìí, mo fẹ́ lọ máa ṣe kárà-kátà. Kíá pè mí wọlé, kò tilẹ̀ ní kí n jókòó.

"Bí ọjà bá ṣàdédé ń já wálẹ̀, kí lo máa ṣe?"

"Màá kọ́kọ́ wá ìdí tó fi ń já," mo wí. "Ó lè jẹ́ pé ìròyìn kan ló jáde. Ó sì lè jẹ́ pé..."

"Ó ti já tán," Kíá wí. "A ti wọ gbèsè."

Síbẹ̀ ó gbà mí. Ó ní òun fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó lè kàwé láàárín àwọn èèyàn òun.

Àbúrò mi ní kí n ro ó dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ iṣẹ́ yín bí ẹní mowó. Kí lẹ fẹ́ lọ máa pariwo nídìí kọ̀ǹpútà fún?" Mo ní kò fẹ́ kí n lówó ni. Ìyàwó ní tirẹ̀ dì mọ́ mi. "Àǹtí Ìdí-Abájọ, ta ni yóò wá máa bá mi yẹ iṣẹ́ mi wò?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ní fóònù wà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá méjèèjì. Ẹni tó bá wà ní yàrá kárà-kátà kò gbọdọ̀ mọ ohun tó wà nínú àbọ̀ ìwádìí kí ó tó jáde fún gbogbo ayé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bó bá ti mọ̀ ṣáájú, á ti ra tirẹ̀ kó tó di pé àwọn oníbàárà jí. Èmi gan-an ni mo máa ń ka òfin yìí fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Ẹ wá wo ìyà ní yàrá kárà-kátà! Àwọn ọmọ tí mo lè bí ń ra ìpín, wọ́n ń tà á, owó ń wọlé. Èmi ń wá ìdí. Kí n tó mọ ìdí tí nǹkan fi gòkè, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó mọ ìdí tó fi sọ̀, ó ti tún gòkè. Mo fi ìdí tó múná dóko rà, mo fi ìdí tó múná dóko tà, mo sì pàdánù ju gbogbo wọn lọ.

"Gbogbo wa la máa ń pàdánù," Kíá wí lójú gbogbo ènìyàn. "Ìwọ nìkan lo máa ń ṣàlàyé ẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bó bá di ìparí oṣù tí nǹkan ò bá yípadà, kí n kó ẹrù mi padà síbi tí mo ti wá.

Kí n padà? Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo fọ́n? Wọ́n ti ṣe ìdágbére fún mi. Mo ti fi àga mi tọrẹ. Mo ti sọ fún obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó má jẹ́ kí ìwé pa òun síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyàwó pè mí. Ó ní òun ń kọ àbọ̀ ìwádìí lórí àwọn kan tó ń ṣe ọṣẹ, pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò bíi tèmi. "Ẹ bá mi gbójú wò ó, Àǹtí, kí n má lọ tẹ́." Ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Mo kà á. Mo bá a tún ibi méjì ṣe, tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀ sí rere mi, nítorí rere mi ò pọ̀ nínú ìtàn yìí.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo mọ̀ pé ìpín àwọn ọlọ́ṣẹ yìí máa gòkè bí àbọ̀ náà bá ti jáde. Mo ní mi ò ní rà. Mo dìde, mo lọ mu omi. Mo padà dé, mo ní díẹ̀ báyìí ni màá rà, kí n kàn fi dán ara mi wò. Mo ra púpọ̀.

Àbọ̀ náà jáde, ọlọ́ṣẹ gòkè. Kíá gbá mi lẹ́yìn gbàmù.

"Kí lo rí?"

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ẹnì kan máa bi mí ní ìdí abájọ tí mi ò ní dáhùn. "Ó kàn ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni," mo wí.

Wọ́n hó yèè! Ohun tí wọ́n ti ń retí lẹ́nu mi nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti sọ mí ní Aríran.

Ìyàwó ò yéé fi iṣẹ́ ránṣẹ́, èmi ò sì yéé ríran. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù báyìí: mo gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o. Mo gbàgbé pé mo ti kà á kí n tó rà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé ọjà ní òórùn, pé imú ni wọn ò ní. Mo ń sọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí bíi Kíá. Àbúrò mi pè mí pé ṣé màá wá sí ọjọ́ ìbí ọmọ òun, mo ní "Kò dájú," mo pa fóònù. Kò dájú! Ọmọ tí mo sọ lórúkọ!

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn onítáìlì dé.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pinnu bóyá wọ́n á gba Ìyàwó síṣẹ́ pátápátá tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọ̀gá àgbà yàrá ìwádìí, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Àrídájú, ló gbé iṣẹ́ àwọn onítáìlì lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá sọ fún bàbá yìí pé òjò ń rọ̀, á bi yín pé àrídájú dà. Ó ní orúkọ Ìyàwó nìkan ni yóò wà lórí àbọ̀ yìí. Bó bá yege, ó ti di ọmọ ilé-iṣẹ́. Bí kò bá yege, ó tán. Òun àti àbúrò mi ti gbójú lé ìyẹn gba ilé tó tóbi ju èyí tí wọ́n ń gbé lọ.

Ìyàwó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi. Àwọn onítáìlì ní àwọn ti kọ́ ààrò kejì tí wọ́n fi ń sun táìlì, pé ohun tí àwọn ń ṣe ti di ìlọ́po méjì. Ìyàwó ti lọ síbẹ̀, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ẹ rà á.

Mo rà á. Mo ra iye tí mi ò rà rí láyé mi. Kíá gan-an bi mí pé ṣé orí mi pé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyàwó pè mí. Mo bọ́ sórí àtẹ̀gùn ilé kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn onítáìlì yìí, gbogbo owó tí wọ́n ní, wọn ò lè ra àkàbà gidi! Wọ́n mú mi wọ gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, mo rí ààrò ńlá. Àkàbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti kán, wọ́n fi okùn pupa so igi mọ́ ọn."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Wọ́n fún mi lóúnjẹ, mo jẹ àjẹyó. Wọ́n wá gbé mi sínú ọkọ̀, a yí gbogbo ọgbà yẹn po, a gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọ gbọ̀ngàn kejì. Ààrò kejì rèé. Àkàbà tún rèé! Igi tí wọ́n fi okùn pupa so! Mo ní àbí àlòkù ni wọ́n lọ ra méjèèjì."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ń bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti rí i. Èmi náà rí i kó tó pa ẹnu dé. Kì í ṣe àkàbà méjì. Àkàbà kan ni. Gbọ̀ngàn kan ni, ẹnu ọ̀nà méjì ló ní. Ààrò kejì kò sí níbi kankan. Wọ́n bọ́ ọmọ ọlọ́mọ yó, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e yípo, wọ́n sì tún fi ohun kan náà hàn án lẹ́ẹ̀kejì.

"Àǹtí, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Àbọ̀ náà ń jáde lọ́la o. Ṣé ẹ rí nǹkan kan tó yẹ kí n tún ṣe?"

Kí n sọ gbólóhùn kan péré ni. Kí n ní, Ìyàwó, dá iṣẹ́ yẹn dúró, wọ́n ti fi ọ́ ṣeré. Ó máa dá a dúró. Àrídájú á yìn ín. Àmọ́ ìpín tí mo rà sílẹ̀ kò ní gòkè, gbogbo ayé á mọ̀ pé Aríran fọ́jú, Kíá á sì lé mi padà sídìí kàlẹ́ńdà. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó," mo wí, mo ṣe ohùn mi jẹ́jẹ́, "ó yẹ ká máa ṣọ́ra. Yàrá kárà-kátà ni mo wà báyìí. Òfin ò gbà kí n máa dá sí iṣẹ́ yín."

"Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí. Ẹ má bínú. Díẹ̀ ló kù kí n kó bá yín."

Ó bẹ̀ mí! Òun ló bẹ̀ mí o.

Àbọ̀ náà jáde. Táìlì gòkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Gbogbo yàrá ń pariwo, kálukú ń rà. Èmi nìkan ni mò ń tà. Mo ta gbogbo rẹ̀ pátá.

"O ń tà?" Kíá kígbe. "Ó ṣì ń gòkè!"

"Ó kàn ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni."

Kò pẹ́ rárá tí òṣìṣẹ́ kan tí àwọn onítáìlì lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fi lọ sọ fún àwọn oníròyìn pé ààrò kan ṣoṣo ni. Ìpín wọn já lulẹ̀ gbì. Gbogbo oníbàárà tó gba ọ̀rọ̀ Ìyàwó gbọ́ ló fara gbá a. Wọ́n ní kó lọ dúró sílé títí wọn yóò fi mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe.

Mo lọ kí i. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo ra ọsàn dání. Ẹrù wọn ti wà nínú àpótí nítorí ilé tuntun, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n tú u ni tàbí kí wọ́n gbé e. Ìyàwó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí, mo fojú mi rí ààrò méjì. Ibo ni mo ti ṣìnà?"

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa," mo wí. Mo bó ọsàn fún un.

"Wọ́n bi mí pé ta ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kò sí. Mi ò dárúkọ yín rárá, ẹ má dààmú."

Mo ní ó ṣeun. Ẹ̀yin ará, mo wo ojú ọmọ náà, mo ní ó ṣeun.

Ní yàrá kárà-kátà, èmi ti di ọba. Nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ wa, èmi nìkan ni mo jèrè nínú ọ̀rọ̀ táìlì. Ọ̀gá pátápátá ní kí yàrá méjèèjì pé jọ, kí n wá kọ́ wọn ní ọgbọ́n tí mo lò. Wọ́n ní kí Ìyàwó náà wá, kó wá jókòó, kó kọ́ ẹ̀kọ́.

Mo ti pinnu ohun tí màá sọ. Mo fẹ́ dìde, kí n ní ó kàn ṣe mí bẹ́ẹ̀, kí n jókòó. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá má kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Àrídájú ló bà á jẹ́.

"Èmi ò gbà," bàbá náà wí láti ẹ̀yìn. "Obìnrin yìí wà lábẹ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ohun tó kàn ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Àbí àwọn tibí ti bà á lórí jẹ́? Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́ ni?"

Àwọn ará yàrá ìwádìí rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí mo sọ fún pé kó má jẹ́ kí ìwé pa òun síbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Inú bí mi. Èmi ni wọ́n ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́? Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe Aríran, ìdí ti ń há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo dìde, mo gba ìkọ̀wé, mo bọ́ sídìí pátákó.

Mo ya ọgbà àwọn onítáìlì fún wọn. Mo ya ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà yípo. Mo ya ẹnu ọ̀nà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ létòlétò débi pé àwọn ọmọ kárà-kátà gan-an ṣíwọ́ fóònù títẹ̀. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn.

"Ẹ wò ó," mo wí, "ẹni tó bá lójú á rí i pé gbọ̀ngàn kan náà ni. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà méjì wọ ibi kan. Ààrò kan náà. Àkàbà kan náà, okùn pupa kan náà tí wọ́n fi so ó!"

Kíá pàtẹ́wọ́. Ìyàwó gbé orí sókè.

Àrídájú bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àkàbà wo?"

"Àkàbà... àkàbà tó wà níbẹ̀."

"Mo ka àbọ̀ ìwádìí yẹn. Mo ka gbogbo ìwé ìròyìn. Mi ò rí àkàbà nínú èyíkéyìí. Àrídájú dà?"

"Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni àwọ̀ géètì wọn?"

Mo wo pátákó bí ẹni pé màá rí i níbẹ̀. "Àwọ̀ ewé."

"Wọn ò ní géètì," Ìyàwó wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Irin gbọọrọ kan ni wọ́n fi ń dí ọ̀nà. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ àkàbà fún Àǹtí, lórí fóònù. Ọ̀la ẹ̀ ni àbọ̀ náà jáde."

Ó ń wò mí. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ṣì ń retí pé màá ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo gbé ìkọ̀wé kalẹ̀. Kíá tẹ̀ sí ọ̀gá pátápátá létí, ó rò pé ohùn òun lọ sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n èrè yẹn, tiwa náà ni, àbí?"

Tiwọn náà ni lóòótọ́. Wọ́n lé èmi nítorí pé mo gbọ́. Wọ́n lé Ìyàwó nítorí pé ó sọ. Èrè náà nìkan ni wọn ò lé.

Àbúrò mi wá sílé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ariwo. Kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí n má bi yín. Mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń bó ọsàn fún un?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ti Kíá, mo sọ ti ìparí oṣù, mo sọ ti òfin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní "Ẹ ṣeun," ó dìde. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ìyàwó ríṣẹ́ síbòmíràn, iṣẹ́ ìwádìí náà ni. Àrídájú fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fún un, ó ní ẹni tó sọ òótọ́ tó máa ba tirẹ̀ jẹ́, ẹ gbà á. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé fún èmi. Bẹ́ẹ̀ ni ebi ò pa mí o! Mo gba yàrá kan, mo to àga sí i, mò ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe kárà-kátà. Ariwo tó ta nípa mi ti jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ mi. Wọ́n ń tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sanwó, kí Aríran lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ríran. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí, mi ò sì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Yàrá náà kò gbà wá mọ́. Mo fẹ́ gba ilé odidi. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó wá dara pọ̀ mọ́ mi, kó fi owó sí i. Ká má tan ara wa, kì í ṣe owó nìkan ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí wọ́n tún máa wá sílé mi. Àbúrò mi ní Ìyàwó ló ń bá òun wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó wá. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà mi. Ó jókòó ti àwọn ìwé mi, ó kà wọ́n láìkánjú. Ó bi mí ní gbogbo ìbéèrè tí mo kọ́ ọ láti máa bi ènìyàn, ó sì ń wo ojú mi bí mo ṣe ń dáhùn. Ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ̀rọ̀ níta. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò.

Nígbà tó ṣe tán, ó pa ìwé dé.

"Àǹtí, iṣẹ́ yìí dáa. Gbèsè ò sí níbẹ̀, àwọn èèyàn ń sanwó wọn, ó sì máa tóbi sí i. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ni ín, màá ní kí ọkọ mi fi owó sí i lónìí."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Mo la ẹnu láti fèsì. Kò sí ìdájọ́ tí wọ́n gbé síwájú mi rí tí mi ò ní rí ibi tí màá ti já a ní koro. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀.

Ó ń dúró dè mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó béèrè rẹ̀ bó ṣe máa ń béèrè nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, tó bá fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Àbí mo ṣì í, Àǹtí?"

"Rárá," mo wí. "O ò ṣì í."